Ẹni Tó Fẹsẹ̀ Kílẹ̀

Ní Ìdí-Àbàtà, bí wọ́n bá rí àgbàlagbà tó ń rìn láàárọ̀ láìgbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tí kò ru ẹrù, tí kò sì níbi kan pàtó tó ń lọ, ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé ta ló kú. Ìrìn wà fún oko, fún ọjà, fún ilé àna àti ilé ọ̀fọ̀. Àfi ìgbà tí ìjọba sé odò ìlú náà, tí omi tẹ́ rẹrẹ di adágún láàárín àpáta, tí àwọn ọmọ ìlú ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Wọ́n ń ti Ìlọrin wá, wọ́n ń ti Ọmù-Àrán wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wọkọ̀ láti Èkó. Wọ́n á gbé báàgì tó fẹ̀ ju ẹ̀yìn wọn lọ pọ̀n, wọ́n á mú ọ̀pá dání bí ẹni tí orúnkún ń dùn, wọ́n á rìn yí adágún náà ká láti àárọ̀ dọ̀sán, wọ́n á sì padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Ẹ gbọ́ o, síbi tí wọ́n ti gbéra. Àwọn àgbà ìlú wò wọ́n títí, wọ́n mi orí, wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran, kí wọ́n máa rìn bó ṣe wù wọ́n.

Ignatius Adéyanjú kì í ṣe àlejò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wá, nítorí òun fúnra rẹ̀ rò pé àlejò lòun.

Èkó ni wọ́n bí i sí. Akọ̀wé ló ṣe ní èbúté Àpápá títí irun rẹ̀ fi funfun, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìjókòó ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjókòó náà sì ni òpin rẹ̀. Nígbà tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà mú un, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́, dókítà sọ fún un láìfi bò pé bí kò bá dìde kó máa rìn lárààárọ̀, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Bó ṣe fẹ̀yìntì báyìí, ó mú Eunice ìyàwó rẹ̀, wọ́n wá sí Ìdí-Àbàtà, sínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí ìpẹ̀kun ìlú, tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí omi. Bàbá náà kọ́ ilé yìí o, ṣùgbọ́n kò sùn níbẹ̀ mọ́jú rí títí ó fi kú sí Èkó. Ràfátù, àbúrò bàbá náà obìnrin tó kéré jù, ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń kírun rẹ̀, tó sì ń lé ewúrẹ́ kúrò ní pálọ̀.

Ọjọ́ tí Ignatius kọ́kọ́ rìn yí adágún náà ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí àkàrà inú epo. Àmọ́ nígbà tó pẹ́ díẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kánfáàsì ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ká má parọ́, inú ọkùnrin náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìrì á máa rin sòkòtò rẹ̀, oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́ á máa kọjá lọ lápá ọ̀tún, omi á máa tàn lápá òsì. Ní ìhà kejì, níbi tí oko ti tán tí igbó sì sún mọ́ omi, àwọn òkúta ńláńlá kan wà tó máa ń jókòó sí kó tó dìde parí ìyípo rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti ń kú lọ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan. Dókítà Ọmù-Àrán yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ohun yòówù tí bàbá yìí bá ń ṣe, kó má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń pàdé àwọn arìn, àwọn ọmọ ìlú ńlá wọ̀nyẹn. Ọmọbìnrin kan láti Ìlọrin, Miracle, tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì láàárín ọ̀sẹ̀, ni aṣíwájú wọn. Dádì ni wọ́n ń pe Ignatius. Yóò fi ibi tó ń yọ̀ hàn wọ́n, wọn yóò fún un ní omi inú ike, kálukú yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ni Ignatius, kò lè gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹnikẹ́ni kọjá kó má kí olóko. Níbi tí kò bá sì ti mọ orúkọ, Ràfátù wà nílé tó máa sọ fún un. Bó bá ti dé, ìyá arúgbó náà á bi í pé oko ta ni ó kọjá, ta ló rí. Á ní ẹni tó rí yẹn Bùkárì ni, ìyàwó rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń dùn, kó bá òun béèrè rẹ̀ lọ́la. Á ní ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ létí omi yẹn Asisat ni, Àfísù ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìlọrin, kó béèrè bóyá ó ti gbòmìnira. Ignatius á béèrè. Inú àwọn olóko á dùn. Inú tirẹ̀ náà á dùn, á máa sọ fún Eunice pé ẹ wo bí àwọn èèyàn oko ṣe ṣèèyàn tó, Èkó ti ba ayé wa jẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọn yóò jí láàárọ̀, wọn yóò bá a lẹ́nu ọ̀nà, iṣu tó gbó dáadáa, tí wọ́n fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Bùkárì gbé wá. Asisat gbé wá. Eunice gún un, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù sí i fún wọn. Ràfátù bá wọn jẹ nínú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ti Máàsì dé, wọ́n bá àwọn àgbààgbà ní pálọ̀. Ọláìyá ló ṣáájú wọn, olórí àwọn afọbajẹ, ọkùnrin gbọọrọ tó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja. Ó kí Ignatius kú ìrìn. Ó ní gbogbo ilẹ̀ ti dáhùn, kò sí oko kan tó ṣẹ́ kù, ó sì dùn mọ́ àwọn nínú pé ìdílé Adéyanjú rántí ohun tó tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Ignatius. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé e, bí wọ́n sì ṣe ń là á yé e ni òógùn ń bo ọrùn rẹ̀. Alábàtà tó jẹ kẹ́yìn ti wàjà ṣáájú kí Ignatius tó dé ìlú, ìdílé Adéyanjú ni oyè sì kàn. Ní Ìdí-Àbàtà, ẹni tó bá fẹ́ joyè kì í la ẹnu béèrè, ojúkòkòrò ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò jí ní òwúrọ̀, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yí ilẹ̀ ìlú ká, yóò máa kí olóko kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ, yóò máa béèrè ilé àti ọmọ. Ìkílẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Olóko tó bá fẹ́ ẹ yóò gbé iṣu wá, bó bá sì jẹ iṣu náà, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. Láti ìgbà tí omi ti gba àárín ìlú, ọ̀nà etí adágún ló di ọ̀nà ìkílẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá," Ignatius wí, "eré ìdárayá ni mo ń ṣe. Dókítà ló ní kí n máa rìn."

Ọláìyá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ní òun kò jí ọbẹ̀ jẹ, tí epo sì wà létè rẹ̀. "Ẹ jẹ iṣu Bùkárì," ló sọ. "Ẹ jẹ ti Asisat."

Ó jẹ iṣu lóòótọ́. Ó tilẹ̀ tún bù lé e.

Ó wá bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an, bóyá ẹni tó bá jẹ Alábàtà ṣì lè máa rìn. Àwọn àgbà ní rárá o. Alábàtà kì í fẹsẹ̀ rìn níta. Mọ́tò ni yóò máa gbé e, bí mọ́tò bá bàjẹ́, yóò jókòó. Kì í sì í dé etí omi, torí láti ìgbà tí omi náà ti jẹ́ odò kékeré ni wọ́n ti mọ̀ pé ọba lòun náà, ọba méjì kì í sì í wo ojú ara wọn. Ignatius sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wọn, ó sọ ohun tí dókítà wí nípa gígé. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Ọláìyá ní wọn yóò fẹ àgbàlá ààfin fún un, wọn yóò yí ògiri rẹ̀ ká, wọn yóò da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ dáadáa kí òkúta má baà gbún un lẹ́sẹ̀, kó máa rìn nínú rẹ̀ títí yóò fi sú u.

Ignatius ní bí òun bá kọ̀ ńkọ́? Ọláìyá ní kò sẹ́ni tí yóò fi tipátipá mú un, ayé ti là. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìdáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ọmọ ìlú kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀nà etí omi àyàfi tirẹ̀. Bó bá jáde, tó gba ọ̀nà náà, ó ti gbà nìyẹn. Bó bá wà nínú ilé tí oòrùn fi kan àtàrí, ó ti kọ̀, oyè yóò kọjá sí ìdílé kejì, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kí ilẹ̀ tán tó sì kọ ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tẹ ọ̀nà náà mọ́ títí ọjọ́ ikú.

Wọ́n mu omi, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ignatius jókòó síbi tí wọ́n fi í sí. Bó bá jọba, kò ní rìn mọ́. Bó bá kọ̀, kò ní rìn mọ́. Ó yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí ibi tí yóò gbà jáde, ó sì rí i kedere pé òun ti há.

Ó lọ bá Ràfátù ní yàrá ẹ̀yìn. Ó bi í bóyá ó mọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, nígbà tó ń kọ́ òun ní orúkọ àwọn olóko. Ìyá náà kò sẹ́. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ, ó ní òun mọ̀. Ó ní bàbá Ignatius ni ìlú kọ́kọ́ fẹ́ mú, nígbà tí oyè kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan rí, òru ọjọ́ kan ló sá lọ sí Èkó tí kò sì padà wá gbé inú ìlú mọ́, ilé nìkan ló fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni òun ti ń gbọ́ ẹ̀gàn lẹ́nu àwọn obìnrin ìdílé kejì nídìí kànga.

"Ẹ bá ti sọ fún mi, Màmá," Ignatius wí.

"Ṣé èmi ló rán ọ níṣẹ́ ìrìn ni?" ló dáhùn. "Ẹsẹ̀ bàbá rẹ gbé e sá. Ẹsẹ̀ tìrẹ gbé ọ padà. Kí ni ẹjọ́ tèmi níbẹ̀?"

Eunice ní tirẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò. Akọ̀wé lòun fẹ́, òun kò fẹ́ ọba, òun kò sì lè jókòó sí ààfin títí tí wọn yóò fi wá fa ọmọge lé òun lọ́wọ́ pé ìyàwó kékeré nìyí. Àwọn yóò kọ̀, àwọn yóò kó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun ní Rore. Ignatius ní kò sí adágún ní Rore. Eunice ní títì wà níbẹ̀, kó máa rìn létí títì. Ignatius ro ti títì náà, bí ọ̀kadà ṣe ń fò lórí rẹ̀ àti bí eruku ṣe ń bo èèyàn, ó ní ó dáa. Ẹni tó há kì í ṣàṣàyàn ihò. Wọ́n fẹnu kò pé wọn yóò kọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Kò jáde. Àwọn olóko ń wá kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, òun ń jókòó, ó ń dáhùn. Láti ojú fèrèsé ó ń wo omi bó ṣe ń tàn. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tún ń kú lọ bíi ti àtijọ́, ó ń fọwọ́ pa á nígbà tí Eunice kò bá wò. Inú bí i. Ó bínú sí Ọláìyá, ó bínú sí iṣu, ó bínú sí bàbá rẹ̀ tó kú láìsọ̀rọ̀, ó wá bínú jù lọ sí ẹnu ara rẹ̀ tí kò lè rí èèyàn kó má kí i.

Ní alẹ́ Jímọ̀ òjò rọ̀ gidigidi. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, Eunice ti ilẹ̀kùn pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń wo aago. Ìlú pa rọ́rọ́. Wọ́n ti fi ọkùnrin kan sábẹ́ igi ní oríta ọ̀nà etí omi láti máa ṣọ́ ọ.

Ẹnì kan wá ń gbá ilẹ̀kùn bí ẹni fẹ́ já a. Miracle ni, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Àwọn arìn ti dé láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n pàgọ́ sí ìhà kejì omi, kò sì sẹ́ni tó kì wọ́n nílọ̀, àlejò sá ni wọ́n. Láàárọ̀ ni ọ̀kan nínú wọn, Hussainat, akẹ́kọ̀ọ́, yọ̀ lórí òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wọ àárín òkúta méjì, ó há síbẹ̀. Wọ́n ti fà á títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Omi òjò ń ya wọ adágún, adágún sì ń gun òkè, ó ti dé ìbàdí ọmọ náà. Fóònù kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀.

Eunice bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, ó ní kó sáré lọ bá Ọláìyá. Ọmọ náà ní òun ti lọ. Ọláìyá kò fọwọ́ lẹ́rán o, ó ti rán àwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀kadà pé kí wọ́n gba títì Òkè-Onígbìn, kí wọ́n gba ẹ̀yìn òkè, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó. Ẹsẹ̀ ọmọ ìlú kò ṣáà gbọ́dọ̀ gba etí omi. Bóyá èèwọ̀ ló ń pa mọ́, bóyá ọgbọ́n àgbà ló ń dá, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí dòní. Ohun tí Ignatius mọ̀ ni pé ọ̀nà náà jìn, pé òjò ti ba igbó jẹ́, pé kí wọ́n tó dé ibẹ̀ omi yóò ti dé ọrùn ọmọ ọlọ́mọ.

Ó béèrè pé àárín òkúta wo. Miracle ṣàlàyé. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ àga ilé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fa ẹsẹ̀ náà mọ́, èyí tó tóbi nínú òkúta méjèèjì orí iyanrìn ló jókòó lé, kí wọ́n lọ sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n wa iyanrìn náà, yóò fẹ̀yìn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Eunice ní ó ti gbọ́, ẹ ti sọ fún un, ó tó. Ignatius ní kí Miracle tún un sọ. Ọmọ náà tún un sọ, ó sọ òdì-kejì, ó ní òkúta kékeré. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹkún ò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Ignatius dìde, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ayọ̀, fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Bí ẹ bá jáde, ó ti parí o."

"Mo mọ̀. Fún mi."

Eunice tú etí ìró náà.

Kánfáàsì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń so okùn rẹ̀ ni ọgbọ́n akọ̀wé sọ sí i lọ́kàn. Ìrìn nìkan kọ́ ni ìkílẹ̀. Kíkí ni ìkílẹ̀. Bí òun bá rìn tí òun kò la ẹnu kí olóko kankan, ìrìn àlejò lásán ni, wọn kò sì lè fi mú òun. Ó sọ fún Miracle pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà o, kó má bínú. Ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi rí i bó ṣe tẹ ọ̀nà, ó fò dìde, ó sáré wọ ìlú lọ.

Ọ̀nà dá páropáro nígbà tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, omi ti dé àyà Hussainat, ọmọ náà kò sunkún mọ́, ó kàn ń wò. Ignatius wọ inú omi, ó fi ẹsẹ̀ wá ẹ̀yìn òkúta náà, ó ní kí wọ́n mú ìkòkò ìdáná wọn wá. Ìkòkò ni wọ́n fi wa iyanrìn, wọ́n tún fi ọwọ́ wà á, èékánná ń ya, omi ń da iyanrìn padà, wọ́n ń wà á. Òkúta náà mì. Ó fẹ̀yìn. Wọ́n fa ọmọ náà yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, àmọ́ kò ṣẹ́.

Wọ́n fi igi àgọ́ ṣe ibùsùn, wọ́n gbé e, wọ́n sì gba ọ̀nà etí omi padà, nítorí ọ̀nà yẹn ló yá jù lọ sí ilé ìwòsàn. Ignatius ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́ iwájú. Bí wọ́n ṣe jáde kúrò nínú igbó tí wọ́n bọ́ sí àárín oko, ó rí wọn. Ọkùnrin abẹ́ igi ti ròyìn, gbogbo olóko sì ti gba inú oko jáde. Kálukú kúnlẹ̀ ní ojú ààlà tirẹ̀, wọ́n dorí kodò, bí àṣà ṣe wí, kò sẹ́ni tí yóò gbórí sókè àfi bí ẹni tó ń kílẹ̀ bọ̀ bá pe orúkọ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ohùn wọn ti ń wá: ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ìkílẹ̀ o.

Ignatius pa ẹnu mọ́. Ó kọjá lára ọkùnrin kan, kò kí i. Ó kọjá lára Bùkárì, tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò kí i, ojú sì tì í bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìtìjú yẹn wúwo ju igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀, ó ń ka koríko, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ku díẹ̀.

Miracle ló kígbe. Hussainat tó ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́ kò gbọ̀n mọ́. Ètè rẹ̀ ti ṣú, ojú rẹ̀ ń pa dé. Gbogbo aṣọ tó wà lára àwọn arìn ló tutù rin, báàgì wọn náà mu omi. Níwájú díẹ̀, láàárín ẹ̀gẹ́, èéfín ń jáde láti ahéré Asisat, Asisat fúnra rẹ̀ sì kúnlẹ̀ ní ìdí ebè, ó dorí kodò, kò rí nǹkan kan. Miracle ń pariwo pé màmá, ẹ jọ̀ọ́, màmá. Màmá ló kún gbogbo oko náà, ìyá wo ni yóò jẹ́ ẹ?

Ignatius wo ọmọ náà. Ó wo ìyókù ọ̀nà, ilé rẹ̀ ti ń yọ lókèèrè. Ó la ẹnu.

"Asisat, ìyá Àfísù! Gbé iná wá, gbé aṣọ wá!"

Obìnrin náà fò dìde bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó bọ́ ìró òkè, ó ń sáré bọ̀, gbogbo oko sì hó yèè láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n gbé Hussainat wọ ahéré, wọ́n yí i mọ́ aṣọ gbígbẹ, wọ́n fi í sún mọ́ iná, wọ́n fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà dùn mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, Ignatius padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ló tún kù tó ń tọ́jú? Ó kí Bùkárì, ó béèrè ìyàwó rẹ̀. Ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀nà fi parí.

Ọláìyá àti àwọn afọbajẹ dúró ní oríta, ewé akòko ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ náà sínú mọ́tò ná, mọ́tò ṣí, ó lọ. Miracle fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì rọra sún un sẹ́yìn.

"Bàbá," Ignatius wí, "ọmọ ọlọ́mọ ni mo lọ yọ nínú omi. N kò lọ kí ilẹ̀. Ọlọ́run rí mi."

"Ó rí yín," Ọláìyá dáhùn. "Kí lẹ wá rò pé iṣẹ́ Alábàtà jẹ́?"

Ó fi ewé náà há a létí.

Wọ́n gbà fún un pé kó lọ fojú kan ilé kí wọ́n tó mú un wọ ìpèbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọba tuntun. Èrò sì tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Eunice dúró ní àbáwọlé, ó ti gbé omi kaná, ó ti di ọwọ́ mọ́ ìbàdí, ìjà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò kúnlẹ̀ kí Ignatius rí, Ignatius ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ó wo kánfáàsì tó kún fún ẹrẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó bó. Ó wá rí ewé, ó sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níwájú gbogbo èèyàn.

"Kábíyèsí," ló sọ. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Dìde, Ìyá Ayọ̀," Ignatius wí. Kò dìde. Ignatius bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á lọ́wọ́ sókè, ṣùgbọ́n Ọláìyá ti di apá rẹ̀ mú. Ó ní ọba kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́.